Ilé Tó Bá Òṣùwọ̀n Mu: Orí Pláànù Ni Owó Rẹ̀ Ti Ń Dín Kù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ya pláànù ilé kan ro ti oòrùn mọ́ ọn, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè. Ẹ wọ yàrá tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Kejì, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. Mo ṣe é nínú ilé tuntun kan ní apá Àkóbọ̀ ní Ìbàdàn. Ilé náà rẹwà. Táìlì ń dán, sílíìnì POP ń tàn, gíláàsì sì gba ojú ògiri pálọ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri tí mo fọwọ́ kàn gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Onílé ní ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin ni òun ti so, pé ìkarùn-ún ń bọ̀, bí ẹni pé àìtó ẹ̀rọ ni ìṣòro ilé náà.

Ohun tó ṣe ilé náà ni pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn jù ni wọ́n kọ sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì kó gíláàsì síbẹ̀. Ilẹ̀ náà fẹ̀ tó láti yí i. Bí wọ́n bá ti yí i lọ́jọ́ tí wọ́n ń kan èèkàn, tí wọ́n ń na okùn, kò ní ná bàbá náà ní kọ́bọ̀. Ní báyìí tí dẹ́kìn ti gbẹ, owó iná oṣooṣù ni yóò máa fi san án títí ayé ilé náà.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nìyí: ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n fún ilé tí kì í fi iná, omi àti ohun èlò ṣòfò ti ń jà ràn-ìn láàárín àwọn tó ń kọ́lé, ohun tí ọ̀pọ̀ sì ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ olówó ni. Wọ́n rí i tí ilé ọ́fíìsì bíi Heritage Place ní Ìkòyí gba ìwé-ẹ̀rí àgbáyé, wọ́n wá gbà pé ó di kí ènìyàn ní irú owó bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà. Èyí tó pọ̀ jù nínú òṣùwọ̀n náà kò gba owó bí a bá tètè rò ó. Èyí tó ń jẹ owó ni èyí tí a fi ń tún àṣìṣe ṣe.

Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé?

Nàìjíríà ní ìwé òfin ìkọ́lé ti orílẹ̀-èdè láti ọdún 2006, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé kí ilé má wó, kí iná má jó o, ló ká a lára jù. Ní 2016, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná, iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde lórí bí ilé ṣe lè dín iná tó ń jẹ kù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí Babatunde Fashola jẹ́ mínísítà, wọ́n sọ ọ́ di ìlànà gidi, BEEC ni wọ́n ń fi ìnagijẹ pè é. Àwọn ará Jámánì ló ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ ọ́.

Ẹni tó bá ń retí ìwé ńlá tó kún fún ìṣirò yóò ya ẹnu. Nǹkan mẹ́rin péré ló kà sí pàtàkì: wíńdò, iná gílóòbù, òrùlé àti ẹ̀rọ amúlétutù. Wíńdò kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú márùn-ún ògiri ìta, àyàfi tí ẹ bá fi hàn pé nǹkan kan ń ṣíji bò ó. Gílóòbù inú ilé gbígbé kò gbọdọ̀ jẹ ju wáàtì 6 lọ lórí mítà onígunmẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Òrùlé gbọdọ̀ ní ohun tó ń dá ooru dúró lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù gbọdọ̀ lè kó ooru tó tó ìlọ́po 2.8 iná tó bá jẹ jáde kúrò nínú yàrá.

Ẹ jẹ́ ká fi gílóòbù dán an wò. Yàrá tó gùn ní mítà mẹ́rin, tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, jẹ́ mítà onígunmẹ́rin 12. Wáàtì 72 ni ìlànà gbà fún un. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 100 kan ṣoṣo ti rú òfin. Gílóòbù LED oníwáàtì 9, mẹ́jọ ni ẹ lè kó sínú yàrá kan náà, kí ẹ sì ṣì wà lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò ní gbà á. Nítorí náà, ẹni tó bá ra LED, tí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ BEEC rí, ti ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀.

Òṣùwọ̀n kejì tí ẹ ó máa gbọ́ ni EDGE. Àjọ IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń bá àwọn aládàáni ṣòwò, ló dá a sílẹ̀ fún irú àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Ohun tó ń béèrè kò lọ́jú pọ̀: kí ilé yín fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún dín kù sí irú ilé tó wọ́pọ̀ ládùúgbò yín, nínú iná tó ń jẹ, nínú omi tó ń lò, àti nínú èéfín kábọ́ọ̀nù tó jáde nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn ohun èlò tí ẹ fi kọ́ ọ. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ó yan orílẹ̀-èdè àti ìlú, ẹ ó kó ìwọ̀n ilé yín sí i, yóò sì máa sọ fún yín bí iye tí ẹ ń dín kù ṣe ń lọ sókè bí ẹ ṣe ń yí nǹkan padà. Ìwé-ẹ̀rí nìkan ni ẹ ó sanwó fún. Fún ilé ìdílé kan, mi ò rí ohun tí ìwé-ẹ̀rí yẹn fẹ́ ṣe. Fún ẹni tó ń kọ́ ọgọ́rùn-ún ilé tó fẹ́ tà, tó sì fẹ́ kí báńkì tẹ́tí sí òun, ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ta ló ń fipá múni?

Kò sí ẹnì kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ kan láàárín ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì ní àṣẹ lórí ètò ilé kíkọ́ nínú ìlú, ti ìpínlẹ̀ ni. Nítorí náà, Àbújá lè kọ ìlànà tó dára bí wúrà, títí ìpínlẹ̀ yóò fi gbé e wọ inú òfin tirẹ̀, ìmọ̀ràn ni. Ẹni tó bá ti gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé rí mọ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú máa ń béèrè: àyè tó wà láàárín ilé àti ọgbà, ibi tí sókàwéè wà, ìwé ilẹ̀, àti ẹni tó fọwọ́ sí pláànù. Èmi kò tíì pàdé ẹni tí wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà nítorí pé wíńdò rẹ̀ pọ̀ jù.

Kí a má sì rò pé àwa nìkan ni. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò rántí pé ní 2006 ni ìjọba Bìrìtìkó ṣèlérí pé láti 2016, kò ní sí ilé tuntun tí yóò máa dá kún èéfín kábọ́ọ̀nù. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2015, ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ pé, wọ́n fagi lé e. Òṣùwọ̀n tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba nìkan, ìjọba mìíràn lè gbá a dànù.

Ohun tó ń fipá mú wa níbí ni mítà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, láti ₦68 sí ₦225, ó sì ti sún díẹ̀ síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀rọ amúlétutù kan ń jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ lálẹ́. Ní ₦225, ₦1,800 nìyẹn lójúmọ́, ₦54,000 lóṣù. Bàbá Àkóbọ̀ yẹn ní mẹ́rin. Ẹ bá mi fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì rántí pé a kò tíì ka fíríìjì tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ẹni tó wà níbi tí iná kì í ti í sábà wá kò bọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé epo jẹnẹrétọ̀ ti gbówó lórí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023.

Oòrùn kì í gba rìbá

Ìbàdàn wà ní ìwọ̀n ìlà 7 àti díẹ̀ sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, Èkó sì wà ní 6 àti ààbọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún akọ́lé ni pé lọ́sàn-án gangan, orí wa ni oòrùn wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, àárín òrùlé Ìbàdàn gan-an ló ń gbà kọjá. Nínú oṣù Kẹfà ó fì sí àríwá díẹ̀, nínú oṣù Kejìlá ó fì sí gúúsù. Nítorí pé òkè ló sábà máa ń wà, ògiri tó kọjú sí àríwá àti èyí tó kọjú sí gúúsù rọrùn láti dáàbò bò: páànù tó bá yọ jáde ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kọjá ògiri ti ṣíji bo wíńdò lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún.

Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ni ìyà wà. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, oòrùn wà nísàlẹ̀, ó ń wo ògiri lójú. Kò sí etí òrùlé tó lè gùn tó láti dí i. Ti ìrọ̀lẹ́ ló burú jù nítorí pé afẹ́fẹ́ ti gbóná tẹ́lẹ̀, búlọ́ọ̀kù á sì gba ooru náà pamọ́, á wá máa tú u sínú yàrá títí di agogo mọ́kànlá òru, ìgbà tí ènìyàn fẹ́ sùn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rọrùn: kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ tó kúrú kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀, ẹ kó ilé ìwẹ̀, sítọ́ọ̀ àti àtẹ̀gùn síbẹ̀, kí wọ́n gba ìyà náà fún yàrá. Lóòótọ́, pulọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 50 sí 100 kì í fún ni ní àyè láti yí bó ṣe wuni, ojú títì ló sì ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ wa pé ibi báyìí ni iwájú ilé. Ṣùgbọ́n bí ilé kò bá ṣe é yí, yàrá inú rẹ̀ ṣe é yí. Ẹni tó bá fi ilé ìdáná sí ìwọ̀-oòrùn, tó fi yàrá ìbùsùn sí ìlà-oòrùn, ti ra oorun fún ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Wíńdò ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣà tuntun ti ń bá wa jà. Ògiri yàrá tó gùn ní mítà mẹ́rin, tó ga ní mítà mẹ́ta, wíńdò tí BEEC gbà fún un jẹ́ mítà onígunmẹ́rin 2.4. Wíńdò ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin tí gbogbo bíríkìlà mọ̀ kò ju nǹkan bí 1.5 lọ. Nítorí náà, ilé ojoojúmọ́ wa ti wà lábẹ́ òṣùwọ̀n tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń rú u ni àwọn tó ń fi gíláàsì ṣe ògiri, àwòrán ilé òkè òkun ló sì sábà wà lórí fóònù wọn. Mo ti rí ẹ̀gbọ́n kan tó fi owó ránṣẹ́ láti Manchester, tó ní kí wọ́n fi gíláàsì onípele méjì sí gbogbo wíńdò, kí wọ́n sì kó fóòmù sínú gbogbo ògiri. Níbi tó wà, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé kí ooru má sá jáde. Níbí, à ń bẹ̀bẹ̀ pé kó jáde. Owó tó ná sórí gíláàsì yẹn, bí ó bá fi fa páànù rẹ̀ jáde lórí wíńdò, ìyókù ì bá tó ra táńkì omi.

Irú wíńdò tún ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó gbòde kan, ìdajì rẹ̀ ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sanwó wíńdò kan, ẹ gba atẹ́gùn ààbọ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣí bí ilẹ̀kùn, tàbí ti ẹlẹ́wé gíláàsì tàtijọ́ tí gbogbo wa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, a máa ṣí tán. Kí ó ní ojú méjì ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, èkejì níbi tó ti ń jáde. Ní ọ̀pọ̀ oṣù òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn wa ti ń fẹ́ wá. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé sí Èkó ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún mọ èyí. Ilé wọn ní Pópó Àgùdà ní àjà gíga àti fèrèsé onípákó tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá kódà bí wọ́n bá tì í. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀.

Òrùlé ni ibi tí mo gbà pé kí ẹ náwó. Ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó fi páànù dúdú bo ilé ń ṣe gan-an nìyẹn. Páànù funfun tàbí aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ń ta oòrùn padà, ti dúdú ń gbà á mu, iye owó méjèèjì kò sì jìnnà síra. Lẹ́yìn àwọ̀, ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi ihò sílẹ̀ lábẹ́ etí òrùlé kí ooru tó wà láàárín páànù àti sílíìnì lè rí ibi gbà jáde. Lẹ́yìn náà ni ohun tó ń dá ooru dúró: nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ti èyí tó dà bí òwú tí wọ́n ń tẹ́ sórí sílíìnì ló kúnjú ìwọ̀n tí BEEC béèrè. Owó gidi ni, mi ò ní parọ́. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ kí ẹ yọ ẹ̀rọ amúlétutù kan nínú mẹ́rin, iye oṣù tí yóò fi san ara rẹ̀ padà kò pọ̀. Àwọn baba wa fi amọ̀ ṣe àjà sábẹ́ koríko fún ìdí kan náà.

Sìmẹ́ǹtì

Ìdá kẹta òṣùwọ̀n EDGE, ti ohun èlò, ni àwọn ènìyàn kì í sábà ronú kàn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni owó ìkọ́lé wa wà. Láti ṣe sìmẹ́ǹtì, wọ́n ní láti sun òkúta ẹfun nínú iná tó gbóná tó ìwọ̀n Celsius 1,450. Iná yẹn ń tú èéfín, òkúta náà fúnra rẹ̀ sì ń tú u bó ṣe ń yí padà. Nǹkan bí ìdá méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún èéfín kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú jáde, ọ̀dọ̀ sìmẹ́ǹtì ló ti wá. Bí ti ayé kò bá ká yín lára, ti àpò yóò ká yín lára: ní oṣù Kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ǹtì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, kí ìjọba tó bá àwọn tó ń ṣe é jókòó, tí wọ́n ní kó padà sí ₦7,000 sí ₦8,000.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń dín sìmẹ́ǹtì kù ni kí ilé kéré. Ó dun ẹnu láti sọ, ó le láti ṣe. Yàrá àlejò tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí láti Kérésìmesì mẹ́ta, pálọ̀ méjì fún ìdílé tó ń jókòó sí ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ sí yàrá kọ̀ọ̀kan: gbogbo rẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù, irin, táìlì, gílóòbù àti páànù. Kò sí òṣùwọ̀n àgbáyé kan tó lè gba ẹni tó kọ́ yàrá mẹ́ta tí kò nílò là. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹni tó ń ya pláànù fi gígùn búlọ́ọ̀kù, ínṣì 18, ṣe ìwọ̀n ògiri. Bíríkìlà tó ń gé búlọ́ọ̀kù ní gbogbo igun, owó yín ló ń gé.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ pupa. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí ilé kíkọ́ àti ọ̀nà, NBRRI, tó ní ibùdó ní Ọ̀tà, ti ń gbé bíríkì tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti ara ilẹ̀ pupa lárugẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Irú èyí tó ń há mọ́ra wọn kò gba amọ̀ sìmẹ́ǹtì púpọ̀ láàárín, ẹni tó bá sì fa òrùlé rẹ̀ jáde dáadáa lè má rẹ́ ìta rẹ̀ rárá. Bí ilẹ̀ tó dára bá wà nínú ọgbà yín, owó ọkọ̀ akẹ́rù tún lọ sílẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi pọ̀? Ìtìjú ni. "Ilé alámọ̀" ṣì ń dún sí etí ọ̀pọ̀ èèyàn bí ìyà. Bẹ́ẹ̀ Demas Nwoko, ayàwòrán tó tún ń ya pláànù ilé, ti ń fi ilẹ̀ pupa àti sìmẹ́ǹtì kọ́lé ní Ìbàdàn láti nǹkan bí ọdún 1970, ilé New Culture Studio rẹ̀ ní apá Mọ́kọ́lá ṣì wà níbẹ̀. Ní 2023, níbi àfihàn àgbáyé lórí ilé kíkọ́ ní Venice, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Àwọn òyìnbó ti rí i, àwa tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ ra sìmẹ́ǹtì ni kò rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹnì kan má fi ọ̀rọ̀ mi wó ilé lu ara rẹ̀. Dídín sìmẹ́ǹtì kù kì í ṣe jíjí sìmẹ́ǹtì nínú òpó. Ògiri tó kàn ń dá yàrá sí ọ̀tọ̀ ni mo ń wí. Ìpìlẹ̀, òpó, líńtù àti dẹ́kìn, ohun tí ẹnjiníà bá kọ ni kí ẹ ṣe. Ilé alájà 21 tó wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 pa ju ènìyàn 40 lọ. Búlọ́ọ̀kù tí ẹni tó ń mọ ọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì kan mọ ní àádọ́ta, tó ń fọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, kò dín owó kankan kù.

Omi láti orí òrùlé

Òjò tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún tó mìlímítà 1,200, ti Èkó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òrùlé tó fẹ̀ ní mítà onígunmẹ́rin 100 yóò gba lítà 120,000. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò fún èyí tó ta sílẹ̀ àti èyí tí oòrùn fà, ó ku lítà 96,000, ìyẹn táńkì onílítà 1,000 ní ìgbà 96. Ẹ kò lè tọ́jú gbogbo rẹ̀, nítorí pé oṣù díẹ̀ ló ń rọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n gọ́tà òrùlé, páìpù kan àti táńkì méjì tó láti fi fọṣọ, fi fọ ilẹ̀, fi ṣan ṣáláńgá, ní gbogbo ìgbà òjò. Ilé àtijọ́ wa tó ní àkòdì, òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń da omi sí àárín, níbi tí ìkòkò ti ń dúró dè é.

Ẹ ka ṣáláńgá olómi pẹ̀lú. Èyí tó ń da lítà mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan, nínú ilé ènìyàn márùn-ún tí kálukú ń lọ nígbà márùn-ún, lítà 225 nìyẹn lójúmọ́. Oníbọ́tìnnì méjì, tí ọ̀kan ń da lítà mẹ́ta, tí èkejì ń da mẹ́fà, lè má kọjá 100. Kànga ẹ̀rọ ló ń gbé omi yẹn wá sókè, iná ló sì ń gbé ẹ̀rọ náà, nítorí náà omi tí ẹ kò dà jẹ́ iná tí ẹ kò rà.

Sólà gbọdọ̀ kẹ́yìn

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun ń kọ́ ilé tó bá àyíká mu, sólà ló kọ́kọ́ wá sí ẹnu rẹ̀. Ìṣirò ni mo fi ń kọ̀. Fáànù òkè kan ń jẹ nǹkan bí wáàtì 70. Ẹ̀rọ amúlétutù kan tó ń jẹ wáàtì 1,000 tó fáànù mẹ́rìnlá. Bí ilé bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí fáànù kò fi ran án, bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì tí yóò gbé e lálẹ́ yóò gba owó tó lè kọ́ ilé mìíràn ní abúlé. Bí ilé bá tutù nípa pláànù rẹ̀, fáànù, gílóòbù LED, fíríìjì kan àti tẹlifíṣọ̀n ni sólà ní láti gbé, ìnfátà kékeré á sì tó. Iye sólà tí ẹ ó rà, ọjọ́ tí wọ́n ya pláànù yín ni wọ́n ti pinnu rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti takókó ni láàárín onílé àti ayálégbé. Ẹni tó ń kọ́ ilé láti fi háyà kì í san owó iná rẹ̀. Kí ló kàn án bí ògiri bá gbóná? Ayálégbé tí yóò san án kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya pláànù. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀sìtéètì láti tà náà wà bẹ́ẹ̀: gíláàsì ń tà nínú àwòrán, etí òrùlé tó gùn kì í tà. Òun ni mo fi rò pé bí ìpínlẹ̀ kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó má wulẹ̀ lé ẹni tó ń kọ́ yàrá méjì fún ọmọ rẹ̀ kiri. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ̀sìtéètì, nítorí pé pláànù kan níbẹ̀ di ọgọ́rùn-ún ilé, owó tí ẹnjiníà yóò gbà láti fi ṣírò òṣùwọ̀n á sì pín sí ọgọ́rùn-ún. Níbẹ̀ náà ni ìwé-ẹ̀rí EDGE ti lè ran ọ̀rọ̀ owó lọ́wọ́. Ìjọba àpapọ̀ ti yá owó lórúkọ àyíká láti oṣù Kejìlá ọdún 2017, nígbà tí wọ́n ta bọ́ńdì àkọ́kọ́ irú rẹ̀, Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, sì ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow ní 2021 pé èéfín Nàìjíríà yóò dọ́gba sí òdo ní 2060. Báńkì tó bá fẹ́ yá irú owó bẹ́ẹ̀ jáde yóò béèrè ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Bàbá Àkóbọ̀ kò wó ilé rẹ̀. Ó gbin igi sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì ní kí káfíńtà na páànù kékeré kan sórí gíláàsì pálọ̀. Ó ní ó dín ooru kù díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ra ilẹ̀ mìíràn fún ọmọ rẹ̀ ní ọ̀nà Mọ́níyà. Ọjọ́ tí mo bá a débẹ̀, bíríkìlà ti kan èèkàn mẹ́rin, ó ń na okùn. Bàbá náà dúró sáàárín ilẹ̀, ó gbé fóònù dání, kọ́ńpáàsì wà lójú rẹ̀, ó ń yí ara rẹ̀ po bí ẹni tó ń wá nẹ́tíwọ̀kì. Bíríkìlà ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ní kó tú okùn náà, kó tún un kàn.